Láptọ́ọ̀pù tó ń gan tí iná bá lọ: ẹ wo Wi-Fi kí ẹ tó ra mọ́dábọ́ọ̀dù

Òǹkàwé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ̀wé sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo fi ń tẹ iṣẹ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tó ti máa ń ṣàdédé háǹgì. Ọfà máòsì á dúró lójú kan, kíbọ́ọ̀dù ò ní dáhùn, àfi kí n tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Tí NEPA bá mú iná lọ ló máa ń burú jù. Router á kú, màá tan hotspot fóònù mi, kò ní pẹ́ á gan. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe kọ́kọ́ ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó fọ́máàtì ẹ̀. Ó dáa fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó pààrọ̀ hard disk, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ní báyìí, ó ní iná ló ti ba mọ́dábọ́ọ̀dù jẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá gbé e lọ sílé lálẹ́, níbi tí mi ò ti ní dátà, tí mo fi wo fíìmù tó wà lórí ẹ̀ fún wákàtí méjì, kì í ṣe nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, project ọmọ kan lọ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sunkún. Ṣé kí n ra mọ́dábọ́ọ̀dù ni, àbí kí n kówó jọ ra láptọ́ọ̀pù míì?"

Aǹtí mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ ọmọ yẹn tó lọ ló sì dùn mí jù níbẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Word, ẹ tẹ File, ẹ tẹ Info, ẹ wá Manage Document, ẹ ó rí Recover Unsaved Documents níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí apá kan iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Options, ẹ tẹ Save, kí ẹ sì yí ìṣẹ́jú 10 tí Word fi ń tọ́jú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ padà sí 1. Títí a ó fi rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí, tó bá tún gan, ohun tí ẹ tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan ni yóò bá a lọ.

Ẹ má tíì ra mọ́dábọ́ọ̀dù o. Ẹ̀yin fúnra yín ti kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà yín, ẹ kàn fi í sí ìparí bí ohun tó yà yín lẹ́nu ni. Mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo nǹkan so mọ́, tó bá ń kú lọ kì í mọ̀ bóyá ṣọ́ọ̀bù ló wà tàbí ilé. Fíìmù wákàtí méjì ń lo prósẹ́sọ̀, ó ń lo hard disk, ó ń lo mẹ́mórì, ó ń mú ẹ̀rọ gbóná. Tí gbogbo ìyẹn bá ń ṣiṣẹ́ láìgan, kí ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí kò sí nílé? Íntánẹ́ẹ̀tì ni. Káàdì Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù yín, pàápàá dráífà tó ń darí rẹ̀, ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀rọ̀ iná tí ẹni tó ń bá yín tún un ṣe ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ibi tó fi orí rẹ̀ sí ni kò tọ́. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn ń ba ẹ̀rọ jẹ́ lóòótọ́, mo ti rí i tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ṣájà ló wà láàárín iná àti láptọ́ọ̀pù, ṣájà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, nǹkan méjì mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ tí NEPA bá mú iná. Àkọ́kọ́, láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, Windows á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún agbára lò. Á dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, á tún sọ fún káàdì Wi-Fi pé kó máa rẹjú díẹ̀díẹ̀ láàárín iṣẹ́. Èkejì, router ti kú, káàdì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn tó lè so mọ́, kí ẹ tó tan hotspot kó tó lọ so mọ́ ìyẹn. Tí iná bá dé, router á jí, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú sùn-jí àti já-so yìí ni dráífà tí kò péye ti máa ń ṣubú.

Dráífà ni ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín Windows àti káàdì. Kò gbé níbi tí Word àti Chrome ń gbé. Inú kernel ló wà, ìyẹn ìdí Windows gan-an, níbi tí wọ́n ti ń pín àyè iṣẹ́ fún gbogbo nǹkan tó kù. Ẹ fojú inú wo agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ tó jẹ́ kàǹga kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń fà, okùn kan, korobá kan. Tí ayálégbé kan bá sùn nínú yàrá rẹ̀ títí di ọ̀sán, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Word nìyẹn, Chrome nìyẹn. Tí wọ́n bá gan, ẹ lè pa wọ́n kí ẹ tún wọn ṣí. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó di okùn kàǹga mú bá sùn lọ létí kàǹga, tí okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ilé ló máa dúró: ẹni tó fẹ́ dáná, ẹni tó fẹ́ fọṣọ, ọmọ tó fẹ́ wẹ̀ lọ sílé ìwé. Dráífà Wi-Fi wà lára àwọn tó máa ń di okùn náà mú. Tí ìsọfúnni bá dé, káàdì á ké sí prósẹ́sọ̀ pé kó dá ohun tó ń ṣe dúró ná, dráífà á tètè gba ìsọfúnni náà, á sì kúrò lọ́nà. Ìlànà Microsoft fún àwọn tó ń kọ dráífà ni pé irú iṣẹ́ kíákíá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbà ju 100 microsecond lọ, ìyẹn ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Dráífà tí wọ́n kọ dáadáa, tó bá bi káàdì léèrè ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ èsì, á dúró díẹ̀, á fi sílẹ̀, á sì tún káàdì náà tan láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọn ò kọ dáadáa á dúró síbẹ̀ máa retí ẹni tó ti sùn.

Nígbà mìíràn, Windows á fura pé nǹkan ti dì, á sì gbé ojú búlúù jáde, tí ẹ ó rí DPC_WATCHDOG_VIOLATION tàbí DRIVER_POWER_STATE_FAILURE níbẹ̀. Tí ẹ bá ti rí irú rẹ̀ rí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nígbà mìíràn, torí ó ń sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, kì í sí ojú búlúù kankan. Ẹni tí ì bá wá jábọ̀ náà ti dì mọ́ wọn. Ìdánwò kékeré kan wà fún ìyẹn. Tó bá tún gan, ẹ tẹ Caps Lock. Tí iná kékeré ara rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìdí ẹ̀rọ ṣì wà láàyè, ó lè jẹ́ ètò kan péré ló dì. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Tí iná náà ò bá mira rárá, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lọ̀rọ̀ wà.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé irú rẹ̀ wá bá mi láti Mọ́kọ́lá. Mo pààrọ̀ mẹ́mórì, mo tú fáànù, mo gbọn eruku ọyẹ́ jáde nínú rẹ̀, mo gba owó iṣẹ́, lọ́sẹ̀ kejì ó padà wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ló ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bá yín dá a lẹ́bi. Ọjọ́ tí mo rí i mú, mo jókòó tì í, mo ṣí aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá sójú rẹ̀, mo fi orin sí i, mo yọ ṣájà, mo wá ń pa router mo ń tàn án. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ṣe nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kẹrin, bí mo ṣe pa router báyìí, ọwọ́ aago dúró gbagidi, orin há sórí ohùn kan ṣoṣo, ó ń dún wùù bí ìgbà tí kòkòrò há sínú agolo, fáànù sì ń fẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo tẹ Caps Lock, kò mira. Mo yọ káàdì Wi-Fi kúrò nínú rẹ̀, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìsí i, kò gan lẹ́ẹ̀kan. Mo dá owó onítọ̀hún padà. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti ní láptọ́ọ̀pù ń háǹgì, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi wọ́n ni pé: ṣé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ ó wá rí ìdí tí fọ́máàtì fi jẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin péré. Windows tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí ẹ̀rọ sábà máa ń fi dráífà tó bá nínú ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá wá dórí íntánẹ́ẹ̀tì, Windows Update á gbé òmíràn wá, á sì fi sí i láìbi yín, ẹni tí ẹ lé jáde á tún wọlé. Àwọn mìíràn tún ní flash tí wọ́n kó oríṣiríṣi dráífà sí, èyí tó bá ti jọ ọ́ ni wọ́n á jẹ́ kó wọlé. Wi-Fi á mú, oníbàárà á sanwó, á di ọjọ́ kẹrin. Fáírọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kì í dúró de ìgbà tí NEPA bá mú iná. Mo sì fura pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ "iná ló bà á jẹ́" ti wá. Tí ènìyàn bá ṣí Event Viewer, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ẹ̀rọ sí, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá gan, á rí Kernel-Power 41 tí wọ́n fi pupa sàmì sí. Ọ̀rọ̀ power tó wà níbẹ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ náà kú láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ, ẹ̀yin lẹ sì tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ìlà tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ wò, nínú Windows Logs, lábẹ́ System. Tí ẹ bá rí NDIS 10400, tó ń sọ pé network interface (ìyẹn káàdì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì) ti bẹ̀rẹ̀ sí í reset, pé ó ń tún ara rẹ̀ tan, tàbí tí orúkọ káàdì Wi-Fi bá hàn léraléra ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú kó tó gan, ẹ ti rí ipasẹ̀ olè.

Kí a tó na kọ́bọ̀ sí i, ẹ ṣe ìdánwò yìí fún mi. Ẹ tẹ Device Manager síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan nínú Windows, ẹ ṣí Network adapters, ẹ wá èyí tó ní Wireless tàbí Wi-Fi lórúkọ, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì mú Disable device. Pípa Wi-Fi nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà nìkan ò tó, torí dráífà á ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn tí ẹ fi ń ṣájì fóònù so fóònù yín mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ lọ sínú ètò fóònù, ẹ tan USB tethering. Íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé láti ojú okùn, dráífà ọ̀tọ̀ ló sì ń gbé e. Ẹ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ má ṣe dá iṣẹ́ kankan dúró, ẹ sì jẹ́ kó máa lọ sórí bátìrì bí NEPA ṣe ń ṣe é. Tí kò bá gan, ó ti hàn. Ẹ wá tan Wi-Fi padà. Tó bá tún gan lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì, kò sí iyèméjì mọ́. Tó bá sì gan nígbà tí Wi-Fi wà ní pípa, a jẹ́ pé mo fẹ̀sùn kan aláìmọwọ́mẹsẹ̀, màá sọ ohun tí ẹ ó ṣe nípa ìyẹn nísàlẹ̀.

Tó bá jẹ́ Wi-Fi, ẹ kọ́kọ́ gba oorun lójú káàdì náà. Ní Device Manager yẹn kan náà, ẹ tẹ káàdì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ sì yọ àmì tó wà níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power". Àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan ò ní ojú ewé yẹn. Tí tiyín ò bá ní i, ẹ má dààmú. Ẹ tún lọ sí Power Options nínú Control Panel, ẹ ṣí ètò tí ẹ ń lò, ẹ wá Wireless Adapter Settings, kí ẹ fi ti bátìrì sí Maximum Performance. Lábẹ́ PCI Express, ẹ pa Link State Power Management. Bátìrì yín á tètè rẹ̀ díẹ̀ sí i, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ sì nílò bátìrì yẹn tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n bátìrì tó rẹ̀ ṣáájú àsìkò sàn ju iṣẹ́ tó parẹ́ lọ. Nínú àwọn tí mo ti tún ṣe, ibí yìí ni ti ọ̀pọ̀ parí sí.

Tí kò bá tó, ó kan dráífà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni èmi àti àwọn tó máa ń ní "ẹ sáà ṣe update" ti máa ń yapa. Dráífà tuntun kọ́ ló ń dáa jù ní gbogbo ìgbà, pàápàá fún láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti pẹ́. Èyí tí ẹni tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà dán wò fún un ni mo fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà. Lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ tẹ nọ́ńbà irú láptọ́ọ̀pù yín tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ nítorí pé tòkunbọ̀ ni, ẹnì kan lè ti pààrọ̀ káàdì náà kó tó dé ọwọ́ yín, nítorí náà ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò gan-an: nínú Properties káàdì, ẹ ṣí Details, ẹ yan Hardware Ids. Ẹ ó rí VEN, tó ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì, pẹ̀lú àmì mẹ́rin tó jẹ́ nọ́ńbà tàbí lẹ́tà: 8086 ni Intel, 10EC ni Realtek, 14E4 ni Broadcom, 168C ni Atheros, 14C3 ni MediaTek. DEV tó tẹ̀ lé e ni irú káàdì náà gan-an. Ẹ gba dráífà tó bá a mu sórí flash kí ẹ tó yọ èyí àtijọ́, torí tí Wi-Fi bá lọ tán, okùn fóònù nìkan ló kù tí ẹ lè fi wá nǹkan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ Uninstall device, kí ẹ fi àmì sí ibi tó ní kó yọ dráífà náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì fi ti orí flash sí i. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn update kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í gan, Roll Back Driver lè ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Tí bọ́tìnì yẹn bá ṣú, a jẹ́ pé kò sí èyí àtijọ́ tó lè padà sí. Ẹ wá "Change device installation settings", ẹ mú No, kí Windows má bàa tètè gbé ẹni tí ẹ lé wá padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ètò tó ń pe ara rẹ̀ ní driver updater sí i. Tó bá jẹ́ Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ẹ rántí pé 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn gbogbogbòò dúró fún un, nítorí náà, ẹ tọ́jú dráífà tó bá ṣiṣẹ́ fún yín síbi tí kò ti ní sọnù.

Tí gbogbo èyí bá kọ̀, káàdì fúnra rẹ̀ lè ti ń bàjẹ́. Ẹ lè rí àlòkù ní ọjà Queen Cinema n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ rà á. Àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan wà tí BIOS wọn, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, kì í gba káàdì tí kò sí nínú ìwé wọn, àwọn káàdì Intel kan sì wà, bíi AX201, tí kì í ṣiṣẹ́ àfi nínú ẹ̀rọ Intel tí wọ́n ṣe fún un. Wáyà áńtẹ́nà méjì tó so mọ́ ọn kéré gan-an, orí wọn kò tó hóró ìrẹsì, ọwọ́ tó le lè fà wọ́n já. Ohun tí èmi yóò ṣe tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni kí n pa káàdì inú rẹ̀ pátápátá, kí n ra Wi-Fi kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú USB. Owó rẹ̀ kò súnmọ́ ti mọ́dábọ́ọ̀dù rárá. Òun náà ní dráífà tirẹ̀ o, ó sì lè ní wàhálà tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí èyí tí ẹ rà kò bá dáa, ẹ kàn máa yọ ọ́ ni, ẹ ò ní tú láptọ́ọ̀pù.

Mi ò fojú rí ẹ̀rọ yín, lẹ́tà yín nìkan ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Tó bá gan nígbà tí Wi-Fi wà ní pípa, ẹ ṣí Windows Memory Diagnostic kó yẹ mẹ́mórì wò, kí ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ sì wo bóyá bátìrì ti wú. Bátìrì tó bá wú, ẹ yé lò ó lójú ẹsẹ̀, ewu iná ni. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni a tó lè máa dárúkọ mọ́dábọ́ọ̀dù. Ẹ fi ohun tí mo kọ yìí han ẹni tó ń bá yín tún un ṣe, kí ẹ jọ ṣe ìdánwò ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Tó bá parí, ẹ kọ nọ́ńbà VEN àti DEV ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lára dráífà ní abẹ́ Driver Date, n ó bá yín wá èyí tó tọ́ sí i.